Ṣé ara Táyé ti gbàgbé Kòrónà ni? Ìdáhùn sí ìyá ìbejì kan ní Iléṣà

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìyá ìbejì ni mí, Ìjòkà ní Iléṣà la ń gbé. Ní 2021, nígbà tí Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Kòrónà wọ ilé wa. Wọ́n yẹ gbogbo wa wò, wọ́n ní ó wà lára àwọn méjèèjì. Ara wọn gbóná fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ. Dókítà tó rí wa nígbà náà ní ara wọn ti mọ àrùn yẹn, pé kò lè rí wọn gbé ṣe mọ́. Ní oṣù tó kọjá, màmá àgbà wá kí wa láti Èkó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní London ti fi ohun àyẹ̀wò tí wọ́n ń kì bọ imú ránṣẹ́ sí wa tẹ́lẹ̀. A lò ó: ìlà méjì jáde fún màmá, ó jáde fún Táyé, ó jáde fún Kẹ́hìndé náà. Ọ̀fìnkìn lásán ló ṣe àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù kan, wọ́n ní Kẹ́hìndé ní antibody, ìyẹn ohun ìjà tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi bá àrùn jà, Táyé kò ní. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Kòrónà máa ń pa ìrántí ara rẹ́, pé gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà ní kékeré lè ti di òfo. Oníkẹ́mísì ní kí n ra oògùn olómi kan tó ń fún ara lágbára. Ṣé ara Táyé ti gbàgbé ni? Ṣé kí n wá abẹ́rẹ́ Kòrónà fún wọn? Ọkùnrin ni Táyé, obìnrin ni Kẹ́hìndé. Wọ́n pé ọdún mẹ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

Ìyá ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú oríire ọdún mẹ́sàn-án. Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: pé wọ́n tún ṣe àìsàn tí wọ́n ti ṣe rí, pé ìwé láàbù ya ìbejì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti ohun tí tíṣà sọ. Kí n má fi ọkàn yín sókè, kò sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ tó fi hàn pé ara Táyé gbàgbé. N kò ní sọ pé ọ̀fìnkìn wẹ́rẹ́ yẹn ni ẹ̀rí o, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní Kòrónà rí náà, wẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó sọ fún yín ní 2021 pé kò lè rí wọn gbé ṣe mọ́ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà: ara wọn mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ara mọ àrùn kan, ọ̀tọ̀ ni. Kí àrùn yẹn má lè wọlé mọ́ rárá, ọ̀tọ̀ ni.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà, ẹ jẹ́ kí n fi Òṣómàáló ṣe é. Bàbá aláṣọ tó ń tajà àwìn láti ìlú dé ìlú láyé ọjọ́sí, bí ọjọ́ owó bá pé, ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ló ń lóṣòó sí: òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá ẹnì kan lọ, kò mọ ojúlé, á máa bèèrè kiri títí ọjọ́ á fi lọ. Bó bá gba owó rẹ̀ tán, kò jókòó síbẹ̀ mọ́, Iléṣà ló ń padà sí. Àmọ́ ó ti mọ ojúlé. Bí ajigbèsè yẹn bá tún ra ọjà tí kò sanwó, kó pààrọ̀ fìlà, kó wọ agbádá, Òṣómàáló á fi ìrìn rẹ̀ dá a mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe fún Táyé, ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn nìkan ló ń kà. Kò ka ẹni tó ti padà sílé tó sì mọ ọ̀nà.

Nínú ara gan-an, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun oríṣi méjì ló ń ṣe iṣẹ́ ìrántí yìí, wọ́n ń pe ọ̀kan ní B, wọ́n ń pe ìkejì ní T. Àwọn B ló ń ṣe antibody, èyí tó máa ń rọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gún tó wà lára fáírọ́ọ̀sì kí ó má baà rí ọ̀nà wọnú sẹ́ẹ̀lì imú àti ọ̀fun. Bí àìsàn bá lọ tán, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe antibody á kú, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn; bí gbogbo antibody tí a ti ṣe láti kékeré bá dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ì bá ki bí ọ̀gì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, IgG, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é á lọ jókòó sínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á máa rọra ṣe é níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn B mìíràn wà tí kò ṣe antibody kankan lásìkò àlàáfíà, wọ́n kàn ń rìn káàkiri pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀. Ní ti T, apá kan ń ran B lọ́wọ́, apá kan ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ̀. Iṣẹ́ apá kejì yìí ni kì í sábà jẹ́ kí ọ̀fìnkìn di òtútù àyà.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi tún kó o? Ọ̀rọ̀ àkókò ló pọ̀ nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó rántí ń sinmi ni. Bó bá rí ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, ó ń gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kó tó bí sí i tó iye tó lè jà. Èéyi, ìyẹn measles, máa ń fi bí ọjọ́ 10 sí 14 wà nínú ara kó tó farahàn, nítorí náà ìrántí ní àyè láti dìde, á sì ti pa á kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wọlé. Ní 1846, èéyi dé erékùṣù Faroe, Peter Panum, dókítà ará Denmark kan, sì kíyè sí i pé àwọn arúgbó tó ti ṣe é nígbà tó wá kẹ́yìn ní 1781 kò ṣe é mọ́. Ọdún 65 ti kọjá láàárín! Kòrónà kò fún ara ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí oríṣi Kòrónà tí wọ́n ń pè ní Omicron ti dé, bí ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń lò kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Kí àwọn tó rántí tó sán ṣòkòtò wọn, ó ti wà nímú. Ibi tí wọ́n ti ń bá a ni kó má sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ sì ni ìjà tó ṣe pàtàkì wà.

Fáírọ́ọ̀sì yẹn pàápàá kì í dúró lójú kan. Ní Ẹdẹ níbí, ní ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer’s, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020. (Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀ṣun kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn.) Nígbà tí Botswana àti South Africa kéde Omicron ní oṣù kọkànlá 2021, ibi tó lé ní 30 ló ti yí padà lára àwọn ẹ̀gún rẹ̀. Antibody tí àwọn ìbejì ṣe ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gún àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn T kì í wo ẹ̀gún níta nìkan. Ibi púpọ̀ ni wọ́n fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ibẹ̀ kò sì yí padà. Ẹ sì rántí pé mẹ́rin nínú ìdílé Kòrónà yìí ti wà láàárín wa tipẹ́, OC43, NL63, 229E àti HKU1 ni orúkọ wọn, ọ̀fìnkìn ni wọ́n ń fà. Gbogbo wa ló ti kó wọn lọ́mọdé, a sì ń tún wọn kó títí di arúgbó. Kò sẹ́ni tó ń sáré lọ sí láàbù nítorí pé ara òun gbàgbé ọ̀fìnkìn.

Ní ti pé Kẹ́hìndé ní antibody tí Táyé kò ní, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọdé ti yàtọ̀ sí ti àgbà. Imú ọmọdé máa ń wà ní ìmúrasílẹ̀. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní interferon, òun ló ń kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù pé àlejò burúkú ti wọlé. Ní imú ọmọdé, kì í pẹ́ jáde rárá. Ìjà yìí kò nílò ìrántí kankan, bákan náà ni wọ́n ń jà á fún gbogbo fáírọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá tètè lé e jáde nímú, iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan àwọn B, antibody á sì kéré. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Melbourne, Australia, tó jáde ní 2022, fi àwọn ọmọdé wé àwọn àgbà tí Kòrónà mú wẹ́rẹ́ ní 2020. Iye fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n bá nímú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ 37 nínú 100 ọmọdé ló ní antibody lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ti àgbà jẹ́ 76 nínú 100. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ tó rí bíi Táyé pọ̀ ju àwọn tó rí bíi Kẹ́hìndé lọ níbẹ̀. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ara kálukú sì ni tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí fáírọ́ọ̀sì tó wọ imú Kẹ́hìndé pọ̀ ju ti Táyé lọ, bóyá òun ló ń sùn ti màmá àgbà.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí ìrántí ọmọdé ṣe jinlẹ̀ tó, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 11 wò rí i pé sẹ́ẹ̀lì T tó mọ ẹ̀gún Kòrónà lágbára lára wọn ju ti àgbà lọ, pé ó ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó tiẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní antibody rárá. Àwọn ti Melbourne kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìyípadà tí wọ́n rí lára sẹ́ẹ̀lì ìrántí àwọn àgbà, wọn kò rí irú rẹ̀ lára ọmọdé. Ohun tí mo gbà nínú méjèèjì ni pé ìrántí tí ìpàdé àkọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀ lára ọmọ tó yá kíákíá lè má jinlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e ló ń fi kún un. Èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù tó kọjá fi kún un fún àwọn méjèèjì.

Mo wo fọ́tò ìwé láàbù tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Orúkọ Táyé wà lókè, ọjọ́ wà níbẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ “Non-reactive”, ìyẹn pé wọn kò rí i, sápá ọ̀tún. Ó parí síbẹ̀. Wọn kò sọ irú antibody tí wọ́n ń wá. Ẹni tí Kòrónà mú máa ń ṣe antibody sí ẹ̀gún ara fáírọ́ọ̀sì, ó sì máa ń ṣe òmíràn sí ohun tó wé mọ́ àbùdá rẹ̀ nínú; ìkejì yìí sábà máa ń tètè lọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n wá, tí iye tó wà lára Táyé sì kéré ju èyí tí ẹ̀rọ wọn lè rí, “kò sí” ni wọ́n máa kọ. Àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì T tàbí B tó rántí, ilé ìwádìí ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ohun tí láàbù àdúgbò ń ṣe. Ní tèmi, ẹ má ná owó sórí àyẹ̀wò yìí mọ́. Bó jáde, bí kò jáde, kò sí ohun tí dókítà kan máa ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá tó máa yí padà nítorí rẹ̀.

Tíṣà àdúgbò yín kò parọ́, àrùn tó so ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ni kì í ṣe òun. Èéyi ló ń pa ìrántí rẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí gan-an ló máa ń wọ̀, tó sì ń pa wọ́n. Ní 2019, àwọn olùwádìí wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ní Netherlands tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí èéyi tó mú wọn àti lẹ́yìn tó lọ. Láàárín 11 sí 73 nínú 100 antibody tí wọ́n ti ní sí àwọn àrùn mìíràn ló ti pòórá. Ilẹ̀ wa níbí kò ṣàjèjì sí àrùn yìí. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1961, fi Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀, ó rí bí èéyi ṣe ń pa ọmọ tó sì ń sọ àwọn tó kù di eegun. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ wà lára ìdí tí a fi ń wọn ọmọ tí a sì ń ya ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì dòní. Kòrónà tó le gan-an lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun dín kù fún ìgbà díẹ̀, ara á sì tún dá wọn padà. Kì í wá nu abẹ́rẹ́ ikọ́ líle, ipá tàbí rọpárọsẹ̀ tí àwọn ìbejì gbà kúrò. Ẹ mú káàdì wọn jáde, ẹ wò ó: bí èéyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 bá wà níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ọ̀kan bá fò, èyí ni kí ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ.

Oògùn olómi oníkẹ́mísì, fítámì ló máa ń wà nínú irú rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ kò nílò rẹ̀. Ẹ fi owó yẹn ra ẹyin. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà la fẹ́ kí agbára ìjà ara máa lọ sókè. Àìsàn kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn Kòrónà, tí ara ọmọ á máa jà kọjá ààlà tí yóò sì kan ọkàn àti ìfun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2020, ó sì ti dín kù gidigidi láti ìgbà Omicron. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ẹ ṣì wà nínú àkókò yẹn. Bí ibà bá mú ọ̀kan nínú wọn tó lé ní ọjọ́ mẹ́ta, tí ojú pọ́n láìsí ipin, tí ara sú, tí inú ń rò ó tó ń bì, ẹ má fi oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta fi àkókò ṣòfò nílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé Kòrónà ṣe é ní oṣù tó kọjá. Wọn kò ní rò ó bí ẹ kò bá sọ. Ọmọ tó ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó bá ń mí, tàbí tí kò lè mu omi, wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e.

Ní ti abẹ́rẹ́ Kòrónà, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà ní oṣù kẹta 2021. Kì í ṣe pé kò dára fún ọmọdé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan fún wọn, ó sì dín àìsàn tó le kù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2023, ìgbìmọ̀ amòye àjọ ìlera àgbáyé fi ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún, nítorí àǹfààní abẹ́rẹ́ èéyi àti ti òtútù àyà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Ọmọ tó ti pàdé Kòrónà lẹ́ẹ̀mejì, tó sì yá kíákíá, èrè tí abẹ́rẹ́ yẹn máa fi kún un kéré. N kò ní ní kí ẹ rìnrìn àjò nítorí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ SS ni, tàbí ọmọ tó ní àìsàn ọkàn, tàbí tó ń lo oògùn jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀. Irú wọn gbọ́dọ̀ bá dókítà tó ń tọ́jú wọn sọ ọ́.

Ẹ lè béèrè pé ọdún mélòó ni ìrántí yìí máa fi wà. Kò sí dókítà tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà, nítorí ìparí 2019 ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí a rí dì mú ni pé SARS, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jà ní 2003, fi sẹ́ẹ̀lì T sílẹ̀ lára àwọn tó yè é, wọ́n sì bá a lára wọn ní Singapore lẹ́yìn ọdún 17. Àwọn ọmọ yín kò sì dá nìkan wà. Nígbà tí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin ní ìparí 2020, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ní Èkó, Enugu àti Nasarawa ló ti ní antibody, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ̀ pé Kòrónà ṣe àwọn rí. Láti ìgbà náà, èmi kò rò pé ọmọ púpọ̀ ṣẹ́kù ní Iléṣà tí kò tíì pàdé rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí lára jù nínú ilé yín ni màmá àgbà. Ọjọ́ orí wọn ni Kòrónà ń bá fínra, bí ikọ́ wọn kò bá tíì lọ, tàbí tí wọ́n ń mí gúle bí wọ́n bá rìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àyà wọn wò kí wọ́n tó padà sí Èkó. Abẹ́rẹ́ kan sì wà tó tọ́ sí Kẹ́hìndé báyìí tí ẹ kò béèrè: èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, tí wọ́n ń pè ní HPV. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́ ni, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023. Bí ọ̀fìnkìn rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì mú káàdì àwọn méjèèjì dání.